Ojú Mọ́kànlá Láti Igbó Kókólékókó

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹni tó ń jẹ obì rọra jẹ ẹ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ ariwo. Èmi ni Ọdẹ́níran, ọmọ Ajókòó-pẹfọ̀n ará Ìdí-Ọ̀mọ̀. Bí ìmàdò bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láàárọ̀, tí mo bá dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́, màá sọ fún yín bóyá akọ ni tàbí abo, bóyá ó yó tàbí ebi ń pa á, àti ibi tó ń lọ. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rò pé mò ń fọ́nnu, kó lọ bi bàbá rẹ̀, ìyẹn bí bàbá rẹ̀ kì í bá purọ́. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí mo ti torí ìbọn bà jẹ́ láyé mi, èyí tó dùn mí jù kì í ṣe ẹranko, kì í ṣe oko olóko. Ìkọ́ ìyàwó mi ni.

Àwẹ̀ró nìyàwó mi, kò sì sí ẹni tó mọ kóróṣè hun tó o ní gbogbo àdúgbò wa. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ìkọ́ kékeré kan báyìí ni wọ́n fi ń fa òwú gba inú ojú kan jáde. Èyí tí wọ́n fà jáde á di ojú mìíràn, wọ́n á tún fa òwú gba inú ìyẹn, ojú á máa bí ojú títí yóò fi di aṣọ. Egungun ẹsẹ̀ ẹyẹ kan ni wọ́n fi gbẹ́ ìkọ́ tirẹ̀. Bàbá ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọdẹ, ló mú un wá láti Igbó Kókólékókó. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Àwẹ̀ró bí ọmọbìnrin kan fún mi lóṣù méje, a sì sọ ọ́ ní Àbẹ̀bí. Ó kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ mi kan gba orí àti ìdí rẹ̀. Ìyá agbẹ̀bí tó gbà á wò ó títí, ó ní ara ọmọ yìí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń mú ara gbóná, pé bí ọyẹ́ bá wọlé ká tó rí aṣọ gidi fi dì í, ká má retí rẹ̀ dé ìgbà òjò. Ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró fi òwú wúùlù funfun ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, ìyẹn nìkan ló sì wà. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í fi hun aṣọ ìbora fún ọmọ. Ó ti hun ún dé ìdajì nígbà tí èmi fi ọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́.

Èérí ẹ̀tù ló dí ihò tí iná ń gbà wọ inú ìbọn mi. Wáyà tí mo fi ń yọ ọ́ ti sọnù. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí ìkọ́ Àwẹ̀ró lórí àpótí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ tẹ̀, àfi bíi pé torí ìbọn ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Mo ní kí n yá a lò díẹ̀. Ẹ̀yin náà ń mirí? Ta ni nínú yín tí kò tíì fi ohun èlò ìyàwó rẹ̀ tọ́jú ìbọn rí? Ògúnyọmí ń rẹ́rìn-ín, ṣebí omorogùn ilé rẹ̀ ló fi ń ki ẹ̀tù! Mo ti ìkọ́ bọ ihò, mo fà á, kò wá. Mo tún fà á tagbáratagbára, ó ṣẹ́ pẹ́kẹ́. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ó jáde, ó wo ìkọ́, ó wo ìbọn, ó wo ojú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Ó kàn ká aṣọ ọmọ náà mọ́ra, ó padà wọlé.

Mo ní kò tó nǹkan, ìkọ́ ni gbogbo ìkọ́ ń jẹ́. Mo mú ìwo ẹtu, mo gbẹ́ òmíràn kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Àwẹ̀ró fi hun ìlà mẹ́rin. Òwú kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, iye ojú kan náà ni, àmọ́ níbi tí ìkọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ náà fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹnu agogo, ojú rẹ̀ sì dẹ̀ débi pé mo ti ìka bọ̀ ọ́, ìka yọ lódì kejì. Àwẹ̀ró gbé e sókè lẹ́nu ọ̀nà, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ fẹ́ sí wa lójú. Ìkọ́ mi ti sanra jù. Mo lọ ha á, ó di tẹ́ẹ́rẹ́. Àwẹ̀ró tú ìlà mẹ́rin yẹn, ó tún un hun. Ó wá fún wàyí, ó súnkì, ó le gbagidi bí ẹní. A fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ́n. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀, ojú kéékèèké ń jẹ òwú: kí ó tó bo ibi tí ojú ti tẹ́lẹ̀ ń bò, ojú àti ìlà gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Àwẹ̀ró fi ọwọ́ wọn òwú tó kù, ó sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé bí òun bá fi èyí parí rẹ̀, òwú á tán kí aṣọ tó dé ẹsẹ̀ ọmọ, bí òun bá sì tún ń tú u, òwú náà á gbó. Ọyẹ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo ní mò ń lọ sí Igbó Kókólékókó lọ wá irú ìkọ́ tí mo ṣẹ́. Ó ní kí n má lọ kú sọ́hùn-ún nítorí ìkọ́. Mo ní kì í ṣe nítorí ìkọ́.

Mi ò ní í sọ bí mo ṣe rìn tàbí ohun tí mo jẹ, ìyẹn ò kàn yín. Lọ́jọ́ kẹta mo dé ẹnu igbó. Ìtàkùn ibẹ̀ kì í kàn lọ́ mọ́ igi lásán, wọ́n wọ inú ara wọn ni, kókó lé kókó, ojú nínú ojú. Ẹ̀dá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ga bí ọ̀pẹ, ọrùn rẹ̀ sì tẹ̀ wá sílẹ̀ débi pé àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan ìdodo rẹ̀. Tẹ̀kọ́ lorúkọ rẹ̀. Kí n tó kí i, ó ti fi àgbọ̀n yẹn kọ́ mi lọ́rùn aṣọ, ó gbé mi sókè, ẹsẹ̀ mi ń fì. Ó ní òun á pa àlọ́ kan fún mi. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, kí n wọlé, bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, òun á fi mí kọ́ sórí igi títí màá fi gbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò pín òwú dọ́gba," ni Tẹ̀kọ́ wí. "Wọ́n ka ojú dọ́gba, wọ́n ka ìlà dọ́gba. Aṣọ ẹ̀gbọ́n dé kókósẹ̀, ti àbúrò kò kọjá orúnkún, òwú sì ṣẹ́ kù sí àbúrò lọ́wọ́. Ta ló jalè nínú wọn?"

Ó kù díẹ̀ kí n ní ẹ̀gbọ́n ni, nítorí mo lẹ́gbọ́n, mo sì mọ ìwà wọn. Àmọ́ mo rántí aṣọ Àbẹ̀bí, bó ṣe fẹ̀ bí ẹnu agogo, tó tún súnkì bí ẹní. Mo ní kò sẹ́ni tó jalè, ìkọ́ ẹ̀gbọ́n ló sanra ju ti àbúrò lọ. Inú Tẹ̀kọ́ kò dùn rárá, ó béèrè pé ta ló sọ fún mi. Mo ní ẹ̀bi tó wà lọ́rùn mi ló sọ fún mi. Ó sọ mí sílẹ̀ gbì, mo gbọn ìdí mi, mo wọlé.

Apá ibi tí mo kọ́kọ́ wọ̀ nínú igbó náà dẹ̀. Igi kan wà níhìn-ín, èkejì rẹ̀ á jìnnà débi pé bí ẹ bá pariwo nídìí ọ̀kan, ẹni tó wà nídìí èkejì kò ní í gbọ́. Ihò kan ṣoṣo láàárín ìtàkùn tó ẹnubodè ìlú. Ẹranko ń gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe wù wọ́n. Ibẹ̀ ni Abìwo-mẹ́ta ti yọ sí mi. Ẹ lè pè é ní ẹfọ̀n bí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ìwo kẹta wà níwájú orí rẹ̀, ó gùn tó ọ̀kọ̀, ó sì kọjú rẹ̀ sí àyà mi. Mo gbé ìbọn sójú, mo fà á, kò dún. Orí ìkọ́ Àwẹ̀ró ṣì wà nínú ihò rẹ̀! Ìtìjú tí mo gbé kúrò nílé kò jẹ́ kí n rántí yọ ọ́. Kí ni akọni ń ṣe bí ìbọn bá kọ̀? Ó ń sá ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Mo sá títí mo fi dé ibi tí igbó ti yí padà lójijì, tí igi fún mọ́ra, tí ìtàkùn dì débi pé eṣinṣin kò lè gba ibẹ̀ kó má forí gbún. Mo forí wọ ibẹ̀. Abìwo-mẹ́ta fi ìwo gún un, ìwo ta padà, ó bínú lọ, èmi sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo fẹ́ rìn ni mo mọ̀ pé èmi náà ti há. Ọwọ́ mi kan wà lókè, ìkejì wà lẹ́yìn mi, ọ̀bẹ wà nínú àkọ̀, mi ò lè fà á yọ. Àyà mi kò ráyè wú kí n lè mí dáadáa. Mo wà bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí, mo sì rò ó pé báyìí ni ì bá rí fún Àbẹ̀bí nínú aṣọ tí ìkọ́ mi kejì hun. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn arúgbó kan tó ń béèrè pé ta ló wà nínú iṣẹ́ òun. Ìkọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé wá, ó kọ́ bẹ́líìtì mi, ó fa ìtàkùn kan ṣoṣo, gbogbo ojú tó dè mí bá tú ṣùrùṣùrù, mo já bọ́ síwájú ìyá àgbà kan. Ìyá Ahungbó nìyẹn. Ó kéré bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ìka rẹ̀ sì gùn tó apá mi.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó pè mí lọ́kọ òun, ó ní ó ti pẹ́ tí ọkùnrin ti há sí òun lọ́wọ́. Ó sọ fún mi pé òun lòun hun igbó náà látìgbà èwe. Ìkọ́ tó sanra bí ọmọ odó lòun fi bẹ̀rẹ̀. Ó jábọ́ sódò, òun sì fi ìkánjú mú tẹ́ẹ́rẹ́ kan parí rẹ̀, òun ò kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n wò. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí apá kan fi dẹ̀, tí apá kejì sì fún, títí dòní ni igbó náà fi ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣẹlẹ̀ nílé mi. Mo rò fún un, àti ti ìbọn, àti ti Àbẹ̀bí, àti ti ọyẹ́ tó ń bọ̀. Mo tún fi ti ìmàdò kún un, kó lè mọ̀ pé èèyàn kan ni mí.

Ó béèrè irú ìkọ́ tí mò ń wá. Mo fi ìka méjì júwe rẹ̀: ó gùn tó báyìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyìí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní bí ìyàwó mi bá ń hun nǹkan, ojú mélòó ló ń wà lábẹ́ ìbú ìka mẹ́rin? Mi ò mọ̀. Ó béèrè iye ọdún tí a ti jọ wà. Mo ní ọdún mẹ́sàn-án.

"O mọ ẹsẹ̀ ìmàdò," ni Ìyá Ahungbó wí, "o ò mọ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ó na ọwọ́ gígùn rẹ̀ sí orí mi, ó ṣí fìlà mi. Àwẹ̀ró ló hun fìlà náà fún mi lọ́dún tó ṣáájú, irú òwú kan náà, ìkọ́ kan náà. Ojoojúmọ́ ni mò ń dé e, mi ò wò ó rí. Ó ní kí n fi ìka mẹ́rin lé e kí n kà á. Mọ́kànlá. Mo sún sísàlẹ̀, mo tún kà á: mẹ́tàlá, ìlà méje gbáko. Lẹ́yìn náà, ó tún padà di mọ́kànlá. Mo ní Àwẹ̀ró ṣi ojú kà níbẹ̀. Ìyá náà ní ìkọ́ kò yí padà, òwú kò yí padà, ọwọ́ ló yí. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba obìnrin náà ní gbogbo ìlà méje yẹn, ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í mọ̀ bí òun ṣe ń fún òwú mọ́wọ́ tó. Ó wá béèrè pé níbo ni mo wà nígbà náà. Mo ṣírò ó. Mo ti lọ ṣọdẹ létí odò kan lọ́dún yẹn, mo ní ọjọ́ méje, mo lo mọ́kàndínlógún, mi ò ránṣẹ́ sílé. Ọjọ́ tí mo dé, Àwẹ̀ró kàn ní omi ìwẹ̀ ti gbóná. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, ojú tì mí, ìfẹ́ obìnrin náà sì bò mí mọ́lẹ̀ nínú igbó yẹn.

Ìyá Ahungbó gbé igbá ńlá kan síwájú mi, ìkọ́ ló kún inú rẹ̀, ti egungun, ti ìwo, ti igi. Òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀gún òòrẹ̀. Ó ní kí n tú orí fìlà mi kí n lè rí òwú, kí n fi ìkọ́ kọ̀ọ̀kan hun kékeré wò, kí n sì kà á, nítorí ẹni tí kò bá hun kékeré wò ló ń tú ńlá. Mo tú orí fìlà títí, àmọ́ nígbà tí mo kan ìlà méje yẹn, mo dáwọ́ dúró, mi ò jẹ́ kó tú. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fà á. Ìkọ́ tó dà bíi ti Àwẹ̀ró gẹ́lẹ́ ni mo kọ́kọ́ mú, ojú mẹ́rìnlá ló fún mi. Mo mú èyí tó sanra jù ú lọ, ó di méjìlá. Mo tún mú èyí tó sanra ju ìyẹn lọ, mọ́kànlá! Mo fò sókè. Ó ní kí n jókòó.

"Ọkọ mi, ìkọ́ tó fún ọ ní mọ́kànlá yìí, mẹ́jọ ni ìyàwó rẹ máa fi rí. Ò ń fún òwú lọ́rùn bí ẹranko. Ìkọ́ ló ń sọ bí ojú ṣe máa tóbi tó, ọwọ́ ló ń sọ bóyá ó máa gbọ́."

Mo ní ṣebí kò burú, kó fún mi ní ti àkọ́kọ́ tó dà bíi tirẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní èèwọ̀ igbó òun ni: ìkọ́ tó bá bá ọwọ́ ẹni mu nìkan ló ń bá a jáde, ọwọ́ ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ fi ṣiṣẹ́ kí iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ wá tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣẹ́. Inú bí mi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fọ́nnu, mo fi ẹran ìgbẹ́ ọdún kan lọ̀ ọ́. Ó jẹ́ kí n parí.

"Bí ìyàwó rẹ bá ń hun aṣọ, ta ló ń gbé ọmọ?"

Mo ní òun náà ni.

"Ọwọ́ mélòó ló ní?"

Mo wo ọwọ́ ara mi. Ó ní àyà ìyá ni aṣọ àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tí Àwẹ̀ró bá gbé ọmọ sílẹ̀ kó lè ráyè hun aṣọ, òtútù ló ń bá a gbé e. Ó ní ọwọ́ tó ṣófo nínú ilé náà, tèmi ni. Mo mú ìkọ́ tó fún mi ní mọ́kànlá, mo dúpẹ́, mo ní kó kọ́ mi. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi jókòó níwájú rẹ̀. Bí mo bá fún un jù, á fi ìka gígùn yẹn gbá mi lọ́wọ́. Bí mo bá dẹ̀ ẹ́ jù, á gbá mi lórí.

Nígbà tí mò ń bọ̀, Abìwo-mẹ́ta tún dènà dè mí ní apá tó dẹ̀. Ìbọn ò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ sì ti rẹ̀. Mo fa ìtàkùn láàárín igi méjì, mo fi apá mi ṣe ìkọ́, mo hun ìlà mẹ́ta kíákíá, ojú rẹ̀ kò ju kí ìwo kan wọlé kí orí má lè tẹ̀ lé e. Ó sáré wá, ìwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ojú mẹ́ta, ó há. Mo kí i pé ó kú iṣẹ́, mo kọjá. Tẹ̀kọ́ rí ìkọ́ lọ́wọ́ mi, ó yà fún mi.

Mo délé, ọyẹ́ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwẹ̀ró na ọwọ́ láti gba ìkọ́, mo fi pamọ́ sẹ́yìn. Mo ní kó gbé ọmọ sí àyà, kó fi ọ̀já dì í níbẹ̀, kó má gbé e kúrò. Ó béèrè pé ta ni yóò wá hun aṣọ. Mo jókòó sórí àpótí, mo tú ìlà tó le bí ẹní yẹn, mo fa òwú. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ látìgbà tí ìkọ́ ti ṣẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó wá sẹ́yìn mi, ó fi ìka mẹ́rin lé ohun tí mo hun, ó kà á, ó tún un kà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní mọ́kànlá ni. Àwọn bàbá yín wá wò mí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Àbẹ̀bí kejì. Mi ò gbórí sókè dá wọn lóhùn, kí ojú má baà ṣì mí kà. Àwẹ̀ró ló ń fi òkèlè sí mi lẹ́nu.

Ọyẹ́ kò dúró dọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ keje ló dé láàárọ̀, ó gbẹ tòun ti eruku, ètè gbogbo wa là. Ẹsẹ̀ Àbẹ̀bí tutù lára ìyá rẹ̀, ẹkún rẹ̀ sì ń kéré sí i. Ìyá agbẹ̀bí wá, ó wò ó, ó jókòó tì wá. Aṣọ ku ìlà mẹ́rin. Mò ń yára, òwú sì ń fún mọ́ mi lọ́wọ́, mo rí i tí ojú ń kéré, tí eteetí aṣọ náà ń ká kò, mi ò sì lè dá a dúró. Àwẹ̀ró dìde tọmọtọmọ, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Ẹ dẹ ọwọ́, Bàbá Àbẹ̀bí. A ṣì wà níbí, àwa méjèèjì."

Mo mí. Mo tú èyí tó fún, mo tún un hun, ojú mọ́kànlá, ojú mọ́kànlá, títí òwú fi kù bí ìka kan péré. Kí oòrùn tó kúrò lójú ọ̀run, a ti fi dì í mọ́ àyà ìyá rẹ̀. Mi ò lè wò wọ́n. Mo jáde lọ jókòó síta títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, tí Àwẹ̀ró fi pè mí pé kí n wá fọwọ́ kàn án. Mo ní ọwọ́ mi tutù. Ó ní kí n fi wọ́n ra ara wọn. Mo ra ọwọ́ mi, mo tì í bọ abẹ́ aṣọ náà, mo kan ẹsẹ̀ ọmọ. Ó gbóná. Ọmọ náà ń làágùn. Èmi ọmọ Ajókòó-pẹfọ̀n, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, mo sunkún bí ìyàwó tuntun.

Obìnrin tó bu omi tó wà níwájú yín yẹn, tó ní kí Ògúnyọmí fọ ẹsẹ̀ kó tó wọlé, Àbẹ̀bí nìyẹn. Ẹ mu omi yín, kí ẹ máa lọ bá ìyàwó yín nílé.